Ogbó, Ìṣarán, àti Iṣẹ́ Tí Ó Kan Àwa Olùkọ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kò sí ọmọ tí a bí ní ilẹ̀ wa tí a kò gbàdúrà fún pé kí ó gbó, kí ó tọ́. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, a ń fi iyọ̀ àti oyin tọrọ ẹ̀mí gígùn fún un. Bí ọ̀dọ́ bá dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, àdúrà yìí kan náà ni àgbà yóò fi dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ogbó tí a ń tọrọ tọ̀sán tòru yìí, díẹ̀ ni ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀. Bí ó bá dé pẹ̀lú ewú orí àti ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, inú wa a dùn sí i. Bí ó bá dé pẹ̀lú ìgbàgbé, tí ìyá àgbà kò mọ orúkọ ọmọ tí ó bí mọ́, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níwájú yín kò pọ̀. Ìmọ̀ tòótọ́ wà nípa àrùn ìgbàgbé tí ó ń bá àgbà jà. Àwọn àgbà Yorùbá fúnra wọn ni wọ́n jẹ́ kí a rí púpọ̀ nínú ìmọ̀ náà, nítorí pé wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn oníṣègùn, wọ́n sì fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ náà kò tíì padà dé ẹnu ọ̀nà wọn. Mo gbà pé olùkọ́ ni ó yẹ kí ó gbé e padà.

Harobanda níhìn-ín, ẹ̀yìn odò ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ní èdè Zarma, nítorí pé òdì kejì Odò Ọya ni a wà sí ìlú Niamey àtijọ́. Ilẹ̀ púpọ̀ ni àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ti wá. Àwọn kan ti Nàìjíríà wá, àwọn kan ti Bẹ̀nẹ̀ àti Togo wá, àwọn mìíràn sì jẹ́ ọmọ Niger gan-an. Nígbà tí a bá jókòó lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu àwọn ọmọ ilẹ̀ mẹ́ta: pé àgbà tí ó ń ṣarán ń jẹ èrè ohun tí ó ṣe nígbà èwe rẹ̀, àti pé arúgbó obìnrin tí ó ń dá sọ̀rọ̀ ní òru, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń dá lóhùn. Àwọn tí ó sọ ọ́ kì í ṣe òpè. Olùkọ́ ni wọn yóò jẹ́ lọ́la. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi bà mí lẹ́rù.

Ní ìlú tí mo ti wá, ìyá arúgbó kan wà tí ó ta ẹ̀kọ àti àkàrà fún ìran méjì. Nígbà tí ogbó dé sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jí ní ààjìn òru, ó ń dáná, ó ń po ògì fún àwọn oníbàárà tí wọ́n ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Orúkọ ọkọ rẹ̀ tí ó ti di olóògbé ni ó ń pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń sọ òkò lù ú bí ó bá ń kọjá. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ kó àwọn ọmọ tirẹ̀ kúrò ní yàrá tí ó kángun sí ti ìyá náà, ó sì kìlọ̀ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ jẹ ohunkóhun láti ọwọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó mú un dé ilé ìwòsàn. Nínú ilé tí ènìyàn kún fọ́fọ́ ni ó ti kú ní òun nìkan. Ìyá yìí kò pa ẹnikẹ́ni jẹ. Iyè rẹ̀ ni ó ra.

Àwọn àgbà a máa sọ pé: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? A ti fi òwe yìí dá arúgbó púpọ̀ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò bí olùkọ́ ìṣirò ti í yẹ iṣẹ́ ọmọ wò. Òru mélòó ni àjẹ́ ti ké tí ọmọ kankan kò kú? Ọmọ mélòó ni ó ti kú ní òwúrọ̀ tí a kò gbọ́ igbe ní òru? Ẹni tí kò bá ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, igbe tí ikú tẹ̀ lé, igbe tí ikú kò tẹ̀ lé, ikú tí igbe kò ṣáájú, àti òru tí kò sí igbe tí kò sì sí ikú, kò tíì ní ẹ̀tọ́ láti dárúkọ apànìyàn. Kíkà bẹ́ẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Ọmọ Yorùbá kan sì wà tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kà á.

Orúkọ rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun. Òkè-Mẹ̀sí ní ilẹ̀ Èkìtì ni a bí i sí ní ọdún 1935. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ó sì lọ kọ́ ìmọ̀ àrùn ọpọlọ àti ti iṣan ara síwájú sí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó lè jókòó sí ọ̀hún, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn ni ó padà sí. Ní ọdún 1968 ó tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé àwọn oníṣègùn tí à ń pè ní Brain. Ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn 84 ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò ran ilẹ̀ dáadáa mọ́, tí ojú àti etí wọn sì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe tó kí a tó jẹ ẹ́ ni ìwádìí rẹ̀ tọ́ka sí, nítorí oró sáyánáìdì tí ó wà nínú rẹ̀, pàápàá fún àwọn tí kò rí oúnjẹ mìíràn jẹ lé e. Ẹ kíyè sí ọ̀nà rẹ̀. Kò béèrè ẹni tí ó fi wọ́n gégùn-ún. Ohun tí ó wà nínú àwo wọn ni ó béèrè.

Lẹ́yìn náà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìgbò-Ọrà, wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti mọ àwọn tí àrùn ọpọlọ àti iṣan ń bá jà. Ọ̀rọ̀ kan wá wà tí ó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ òkèèrè ń sọ pé àrùn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Alzheimer, tí ó ń jẹ ọpọlọ àgbà díẹ̀díẹ̀, ń pọ̀ sí i ní ilẹ̀ wọn. Ní Nàìjíríà ẹ̀wẹ̀, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. Ṣé kò sí láàárín wa ni, tàbí a kò wá a bí ó ti yẹ? Láti dáhùn ìbéèrè yìí, Ọ̀ṣuntókun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Hugh Hendrie ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ọdún 1992. Wọ́n mú àwọn Yorùbá tí ó ti pé ọmọ ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn. Wọ́n sì mú àwọn aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí ọjọ́ orí wọn rí bákan náà ní ìlú Indianapolis, àwọn tí púpọ̀ nínú ìran wọn ti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà lọ ní ayé òwò ẹrú. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ ìhà méjèèjì.

Bí wọ́n ti ṣe ìbéèrè náà yẹ kí ó dùn mọ́ olùkọ́ nínú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà Ìdíkàn kò mọ̀wé kọ, wọn kò sì mọ̀ ọ́n kà. Bí a bá ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí kò sì lè kọ ọ́, kì í ṣe pé iyè rẹ̀ ra. Nítorí náà wọ́n lo ìbéèrè tí kò nílò ìwé rárá, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n sì tún jókòó ti ará ilé àgbà náà láti béèrè bí ó ti ń ṣe ní ojoojúmọ́: ṣé ó ń ṣìnà lọ sílé, ṣé ó ń gbàgbé iná lórí ààrò? Àwọn tí ìdáhùn wọn bá mú ìfura wá, oníṣègùn a yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní. Ọ̀ṣuntókun kò rí òpin iṣẹ́ náà. Ó kú ní ọdún 1995. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúṣẹ́gun Báíyéwù àti àwọn mìíràn ni wọ́n bá a lọ, tí wọ́n sì padà sí ilé àwọn àgbà wọ̀nyí léraléra.

Ní ọdún 2001 ni wọ́n tẹ èsì ńlá jáde. Àwọn àgbà 2,459 ni wọ́n tẹ̀ lé ní Ìbàdàn, 2,147 ní Indianapolis. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ìṣirò láti mú ọjọ́ orí ìhà méjèèjì dọ́gba, wọ́n rí i pé nínú 1,000 àgbà ní Ìbàdàn, bí 13 tàbí 14 ni ìṣarán ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn ní ọdún kan. Ní Indianapolis, bí 32 ni. Ohun méjì ni èyí kọ́ wa. Èkínní, àrùn náà wà láàárín wa, bí ó ti wà níbi gbogbo tí ènìyàn ti ń darúgbó. Bí àjẹ́ bá ni ó fà á, a jẹ́ pé àjẹ́ pọ̀ ní Indianapolis ju Ìbàdàn lọ ní ìlọ́po méjì! Èkejì, ẹ̀jẹ̀ baba ńlá tí ó pa ìhà méjèèjì pọ̀ kò tó láti ṣàlàyé ọ̀ràn náà. Ọ̀nà tí a ń gbà gbé ayé, ohun tí a ń jẹ, àti ìlera ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ wa yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò. Ní ọdún 2011, àwọn oníṣègùn Ìbàdàn tún fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń fi kún ewu ìṣarán láàárín àwọn àgbà Yorùbá wọ̀nyí kan náà.

Èyí tí ó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu jùlọ ni ti àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní APOE e4. Láàárín àwọn òyìnbó, ẹni tí ó bá jogún rẹ̀, ewu àrùn náà a pọ̀ lórí rẹ̀. Ní ọdún 1995 Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn pé àwọn kò rí i bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn àgbà ní Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n yẹ ènìyàn púpọ̀ sí i wò, wọ́n rí i pé ewu náà hàn lára ẹni tí ó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ baba àti lọ́dọ̀ ìyá pọ̀. Ẹni tí ó bá jogún ẹyọ kan, kò hàn gedegbe lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ òyìnbó nìkan ni wọ́n ti wádìí, ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni wọn ì bá kọ sínú ìwé fún gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n kí ni ogbó ń ṣe nínú ara? Ara wa kún fún àwọn ohun tín-íntìn-ìntín tí ojú lásán kò lè rí, tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Wọn kì í wà títí. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ kì í lò ju bí 120 ọjọ́ lọ kí ó tó kú. Ohun tí ó ń pèsè tuntun ni sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, irú èyí tí ó wà nínú mùdùnmúdùn egungun. Ó dà bí ẹ̀bù tí àgbẹ̀ fi pamọ́ sí abà: a ń jẹ iṣu, ṣùgbọ́n ẹ̀bù ni ó ń mú iṣu ọdún tí ń bọ̀ wá. Bí a ti ń dàgbà, ẹ̀bù yìí ń rẹ̀, agbára rẹ̀ ń dín kù, ó sì wà lára ìdí tí egbò àgbà kì í fi í tètè jinná bí ti ọmọdé. Ti ọpọlọ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Púpọ̀ jùlọ nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tí a ní ní kékeré ni a ó gbé dé ọjọ́ ogbó. Èyí tí àrùn bá pa, ṣàṣà ni èyí tí ń rí arọ́pò.

Ní ọdún 2006, Shinya Yamanaka, oníṣègùn ará Japan, mú sẹ́ẹ̀lì ara eku tí ó ti dàgbà, ó sì sọ ọ́ padà di sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó ṣe é pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Ńṣe ni ó dà bí ẹni pé a mú iṣu tí ó ti délẹ̀ odó padà di ẹ̀bù. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2012. Nípa ọgbọ́n yìí, a lè gba ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tàbí awọ lára ènìyàn, kí a sọ ọ́ di sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ nínú àwo ìwádìí, kí a sì wo bí àrùn ti ń ṣe é, láìfi ọwọ́ kan orí ẹni náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé. Nínú ètò kan tí wọ́n ń pè ní HapMap, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002 láti mọ bí àbùdá ènìyàn ti yàtọ̀ síra, àwọn Yorùbá 90 ní Ìbàdàn fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀, baba, ìyá àti ọmọ láti agbo ilé 30. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe àwọn àgbà Ìdíkàn tí mo sọ̀rọ̀ wọn ṣáájú. A tọ́jú sẹ́ẹ̀lì wọn pamọ́, a sì ń pín in fún yàrá ìwádìí káàkiri ayé. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ní Chicago ròyìn pé àwọn ti mú sẹ́ẹ̀lì àwọn Yorùbá 58 nínú irú èyí padà di sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, àti pé àwọn sọ díẹ̀ nínú wọn di sẹ́ẹ̀lì iṣan ọkàn. Ẹ fojú inú wò ó: ẹ̀jẹ̀ tí a fà ní Ìbàdàn ti di iṣan ọkàn nínú àwo ní Chicago!

N kò sọ èyí láti fi bínú sí àwọn ará Chicago. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe, àwọn tí ó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ sì fi í sílẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Ohun tí ó dùn mí ni pé ẹ̀jẹ̀ wa ti dé ibi tí ìmọ̀ wa kò tíì dé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni èsì náà wà, nínú ìwé tí ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ kò ní rí rà, bí ó bá sì rí i, kò ní yé e. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abdou Moumouni, ọmọ Niger tí ó gbé ayé láti 1929 sí 1991, tí yunifásítì Harobanda yìí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ti rí ọ̀ràn yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Onímọ̀ agbára oòrùn ni, síbẹ̀ ó fi àkókò sílẹ̀ láti kọ ìwé lórí ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà ní ọdún 1964, ó sì jà fún un pé kí a fi èdè wa kọ́ ọmọ wa. Ó mọ̀ pé ìmọ̀ tí kò sọ èdè ilé kì í wọlé.

Àwọn kan yóò sọ pé: ilẹ̀ Niger kún fún ọmọdé, ó lé ní ìdajì àwọn ará ilẹ̀ náà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18, ibà àti àìjẹunkánú ń pa ọmọ, kí ni ti arúgbó? Ọ̀rọ̀ náà lágbára, n kò sì fẹ́ kí a gba owó oògùn ọmọdé fún àgbà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá gbà là lọ́wọ́ ibà lónìí, arúgbó ni a fẹ́ kí ó dà. Bí a ti ń ṣe dáadáa sí i ní ti ọmọdé ni àgbà yóò máa pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí mo ń béèrè kò ná wa ní owó. Èéfún àti pátákó ìkọ̀wé ti tó o.

Àwọn mìíràn yóò ní ìgbàgbọ́ àwọn baba wa ni mo ń bá jà. Rárá o. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé a kò gbọdọ̀ fi ìfura lásán ba orúkọ ènìyàn jẹ́. Baba wa náà ni wọ́n sọ pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Wọn kò sọ pé kí ọmọ sọ òkò lù ú.

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan tí yóò jáde láti ibí yìí ṣe nǹkan mẹ́ta. Kí ó kọ́kọ́ fi èdè tí àwọn ọmọ ń sọ nílé, ìbáà jẹ́ Yorùbá, Zarma, Haúsá tàbí Faransé, kọ́ wọn pé àìsàn ni ìṣarán, pé ó ní ibi tí ó ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọpọlọ, àti pé ẹni tí ó ń ṣe kò jẹ̀bi. Lẹ́yìn èyí, kí ó sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n máa jẹ́ kí a wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, kí wọ́n sì mú àgbà tí iyè rẹ̀ ń ra lọ sí ilé ìwòsàn. Kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni kò gbóògùn. Àìtó èròjà kan nínú oúnjẹ, ìbànújẹ́ ọkàn, tàbí oògùn tí a ṣì lò lè mú un wá, a sì lè wo irú èyí sàn. Èkẹta, kí ó kọ́ ọmọ láti máa kà kí ó tó dájọ́. Ẹ gbé òwe àjẹ́ àná yẹn síwájú wọn nínú kíláàsì ìṣirò, kí ẹ sì béèrè òru mélòó ni ó ké tí ẹnikẹ́ni kò kú. Nínú ọmọ 40 tí ó bá gbìyànjú ìbéèrè náà, ó lè jẹ́ ẹyọ kan ni yóò di irú Ọ̀ṣuntókun. Ṣùgbọ́n ọmọ 39 tí ó kù kò ní sọ òkò lu ìyá ẹlẹ́kọ mọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà Ìdíkàn kò mọ̀wé, síbẹ̀ wọ́n jókòó, wọ́n sì dáhùn ìbéèrè àwọn ọ̀mọ̀wé fún ọdún púpọ̀. Àwa tí a mọ̀ ọ́n kọ tí a mọ̀ ọ́n kà ni ó kù kí a jíṣẹ́ èsì fún àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn.